Àfòmọ́ Ìbẹ̀rẹ̀ Inú Èdè Gẹ̀ẹ́sì: Bí Ẹni Tó Gbọ́ Yorùbá Ṣe Lè Fi Ìbẹ̀rẹ̀ Díẹ̀ Kọ́ Ọ̀rọ̀ Púpọ̀

Ẹni tó bá ti wà lẹ́yìn ọkọ̀ agbépo rí ní òpópónà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn yóò ti rí ọ̀rọ̀ méjì kan tí wọ́n máa ń kọ gàdàgbà sí ìdí táǹkì: HIGHLY INFLAMMABLE. Nígbà tí mo wà ní kékeré, mo gbà pé ohun tí wọ́n ń sọ ni pé epo inú ọkọ̀ náà kò lè gbiná, nítorí wọ́n ti kọ́ wa ní kíláàsì pé “in-” túmọ̀ sí “kò” tàbí “àì”: ‘incorrect’ ni ohun tí kò tọ̀nà, ‘incomplete’ ni ohun tí kò pé. Òdìkejì rẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ náà ń sọ, pé kíá ni epo náà ń gbiná. Ohun tí wọ́n kọ́ wa kì í ṣe irọ́, ìdajì òtítọ́ ni, ìdajì yòókù ló sì wà lórí táǹkì yẹn.

Ìtọ́sọ́nà yìí wà fún ẹni tó ń múra ìdánwò WAEC tàbí ti JAMB, fún ẹni tó ń kọ lẹ́tà níbi iṣẹ́, àti fún òbí tó ń ran ọmọ lọ́wọ́ nídìí iṣẹ́ àṣetiléwá. N kò fara mọ́ àṣà pé kí akẹ́kọ̀ọ́ jókòó há àádọ́ta ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ sórí láti A dé Z, nítorí ohun tí a bá há sórí lọ́nà bẹ́ẹ̀ kì í pẹ́ lọ́pọlọ, ó sì ń ṣe bí ẹni pé ọwọ́ òfo ni ọmọ Yorùbá gbé wá sídìí ẹ̀kọ́ náà. Ọwọ́ wa kò ṣófo rárá.

Àwọn onímọ̀ gírámà Yorùbá ń pe irú ìbẹ̀rẹ̀ bẹ́ẹ̀ ní àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá ti dé oko kòkó tàbí oko obì mọ àfòmọ́, ewéko tó máa ń hù lórí ẹ̀ka igi mìíràn, tí kò ní gbòǹgbò nínú ilẹ̀, tó jẹ́ pé ara igi tó gbà á sílé ló ti ń jẹun. Bẹ́ẹ̀ ni “un-” àti “re-” ṣe rí. Kò sí ẹni tó lè dá “un-” sọ lásán kí ẹlòmíràn gbọ́ ohun tó wí, ṣùgbọ́n bó bá ti lè so mọ́ ‘happy’, ó ti gba inú dídùn náà kúrò lọ́wọ́ onínúdídùn. Èdè Yorùbá kì í so àfòmọ́ mọ́ ìparí ọ̀rọ̀ bí Gẹ̀ẹ́sì ti ń ṣe. Iwájú ni tiwa ń gbé. Nítorí náà, láti kékeré ni etí wa ti mọ iwájú ọ̀rọ̀ í ṣọ́.

Ìgbésẹ̀ kìn-ín-ní: Kọ ti ilé sílẹ̀ kí o tó kọ ti àlejò

Mú ìwé jótà kan, kí o sì ya ojú ewé kan sọ́tọ̀ fún ìbẹ̀rẹ̀ kan ṣoṣo. Má ṣe kọ ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kankan sí i ná. Kọ àṣì- sí orí ewé, kí o wá to àwọn ọ̀rọ̀ tí o ti mọ̀ sábẹ́ rẹ̀: àṣìṣe, àṣìsọ, àṣìgbọ́, àṣìlò, àṣìkà. Lẹ́yìn èyí ni kí o kọ “mis-” sí ẹ̀gbẹ́ kejì, kí o sì jẹ́ kí Gẹ̀ẹ́sì dáhùn lọ́kọ̀ọ̀kan: ‘misspeak’ fún àṣìsọ, ‘mishear’ fún àṣìgbọ́, ‘misuse’ fún àṣìlò, ‘misread’ fún àṣìkà. Nígbà tí o bá dé ‘mistake’, dúró díẹ̀ kí o wo inú rẹ̀. ‘Take’ ni mú. Ẹni tó ṣe ‘mistake’ ṣì í mú, bí ẹni tó mú bàtà ẹlòmíràn wọ̀ lẹ́nu ọ̀nà mọ́ṣáláṣí. Ọ̀rọ̀ tí gbogbo ènìyàn ti ń pè láti ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ láìbi ara wọn léèrè ohun tó wà nínú rẹ̀ nìyẹn.

Ṣe bákan náà fún àtún-. Àtúnṣe, àtúnkọ, àtúnbí, àti àtúntẹ̀ tí à ń rí lójú ewé àkọ́kọ́ nínú ìwé tí wọ́n tẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì, ni yóò pàdé ‘redo’, ‘rewrite’, ‘rebirth’ àti ‘reprint’. Bí ó bá kan “pre-”, ẹ̀yìn ni ọ̀rọ̀ tiwa máa ń wà: àsọtẹ́lẹ̀ ni ‘prediction’, nítorí ‘dict’ jẹ́ sísọ, “pre-” sì jẹ́ tẹ́lẹ̀. Gbogbo ilé tó ń lo mítà iná ‘prepaid’ ló mọ ìtumọ̀ yìí dáadáa, pàápàá lálẹ́ ọjọ́ tí owó inú mítà bá tán: owó ni a ń san tẹ́lẹ̀ kí iná tó tàn.

Ìgbésẹ̀ kejì: Mẹ́rin péré ni kí o kọ́kọ́ dojú kọ

Ní ọdún 1989, àwọn olùwádìí mẹ́ta ní Amẹ́ríkà, White, Sowell àti Yanagihara, gbé iye ìgbà tí ìbẹ̀rẹ̀ kọ̀ọ̀kan ń jẹyọ nínú àwọn ọ̀rọ̀ inú ìwé ilé ìwé jáde. Nínú ọgọ́rùn-ún ọ̀rọ̀ tó ní àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀, “un-” nìkan kó 26, “re-” kó 14, ẹbí “in-” (pẹ̀lú “im-”, “il-” àti “ir-”) kó 11, “dis-” sì kó 7. Mẹ́rin yìí ti kó 58 nínú ọgọ́rùn-ún. Ogún ìbẹ̀rẹ̀ tó wọ́pọ̀ jù lọ ló sì kó 97. Ohun tí èyí túmọ̀ sí fún ẹni tí ìdánwò rẹ̀ ku oṣù méjì ni pé kí ó fi ọ̀sẹ̀ mẹ́rin àkọ́kọ́ ṣe mẹ́rin wọ̀nyí, ìbẹ̀rẹ̀ kan lọ́sẹ̀ kan, kí ó tó yà sí “mis-”, “pre-”, “sub-”, “inter-”, “over-” àti àwọn tó kù.

Nínú mẹ́rin yìí, mẹ́ta ni Yorùbá ń fi àì- kan ṣoṣo dáhùn. Àìgbàgbọ́ ni ‘unbelief’, àìnísùúrù ni ‘impatience’, àìgbọ́ràn ni ‘disobedience’. Ilẹ̀kùn kan ni tiwa, mẹ́ta ni tiwọn. Mímọ ilẹ̀kùn tí ọ̀rọ̀ kan ń gbà wọlé sì ni iṣẹ́ tó le jù lọ nínú gbogbo ẹ̀kọ́ yìí.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Mọ̀ ọ́n nígbà tó bá pa ojú dà

Ọ̀pọ̀ ìwé máa ń to “in-”, “im-”, “il-” àti “ir-” bí ìbẹ̀rẹ̀ mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ọ̀kan ni wọ́n. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí wọn ló ń ṣẹlẹ̀ sí oní- lẹ́nu wa lójoojúmọ́. Ẹni tó ní bàtà ni oníbàtà, ẹni tó ní ilé ni onílé, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó ń sọ pé oníaṣọ. Aláṣọ là ń wí. Oní- àti epo di elépo, oní- àti ẹran di ẹlẹ́ran, oní- àti owó di olówó, oní- àti ọjà di ọlọ́jà. Kò sí ọmọ tí wọ́n fi ẹgba kọ́ ní òfin yìí. Fáwẹ́lì tó tẹ̀ lé oní- ló ń pàṣẹ ojú tí yóò yí sí.

Nínú Gẹ̀ẹ́sì, kọ́ńsónáǹtì ló ń pàṣẹ fún “in-”. Bí p, b tàbí m bá tẹ̀ lé e, ó di “im-”: ‘impossible’, ‘imbalance’, ‘immature’. Bí l bá tẹ̀ lé e, ó di “il-”: ‘illegal’, ‘illiterate’. Bí r bá tẹ̀ lé e, ó di “ir-”: ‘irregular’, ‘irresponsible’. Níwájú ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìyókù, “in-” ni yóò máa jẹ́. Bí o bá fẹ́ mọ ìdí tó fi di m níwájú b, fi ẹnu ara rẹ wò ó: sọ “ó ń bọ̀” kíákíá, kí o sì kíyè sí ètè rẹ. Ètè méjèèjì ti pàdé kí b tó dé, ìró tó sì jáde ni m, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ń la kọ. Ẹnu ọmọ ènìyàn kò fẹ́ ṣe wàhálà méjì níbi tí ọ̀kan bá ti tó.

“Un-” ní tirẹ̀ kì í pa ojú dà lójú ìwé, láìka ohun tó tẹ̀ lé e sí: ‘unpopular’, ‘unlawful’, ‘unreal’. Nítorí náà, bí o bá rí ‘umpossible’ tàbí ‘ullawful’ nínú ìdáhùn tí wọ́n ní kí o yàn, fi í sílẹ̀.

Èrè kan wà níbí tí àwọn ènìyàn kì í sábà kà kún, ìyẹn ni sípẹ́lì. Ẹni tó mọ ibi tí àfòmọ́ parí sí kò ní máa ṣiyè méjì lórí iye lẹ́tà. ‘Misspell’ ní s méjì nítorí ọ̀kan wà lára “mis-”, èkejì wà lára ‘spell’. ‘Unnecessary’ ní n méjì níwájú, ‘dissatisfied’ ní s méjì níwájú, ‘illegal’ ní l méjì níwájú. Ṣùgbọ́n ‘disappear’ àti ‘disappoint’ kò ní ju s kan lọ, nítorí ‘appear’ àti ‘appoint’ kò fi s bẹ̀rẹ̀. Tẹ ìka méjèèjì sórí ibi tí wọ́n ti so pọ̀, kí o pín ọ̀rọ̀ náà sí méjì, sípẹ́lì yóò tọ́ fúnra rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Ìgbà wo ni “un-”, ìgbà wo ni “in-”?

Ní ọdún 1066, William láti Normandy ṣẹ́gun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òun àti àwọn ènìyàn rẹ̀ sì gbé èdè Faransé wọ ààfin àti ilé ẹjọ́. “Un-” ti wà lẹ́nu àwọn Gẹ̀ẹ́sì kí wọ́n tó dé. “In-” bá àwọn ọ̀rọ̀ Látìn àti Faransé wọlé. Ìdí nìyí tí ohun kan náà fi lè jẹ́ ‘unlawful’ ní ọ̀nà kan, kó sì jẹ́ ‘illegal’ ní ọ̀nà kejì: ‘law’ ni ti onílé, ‘legal’ ni ti àlejò. Àwọn Yorùbá tó kàwé ní Benin àti Togo ní àǹfààní ńlá níbí, nítorí ‘impossible’, ‘illégal’ àti ‘injustice’ ti wà nínú Faransé tí wọ́n kọ́ ní ilé ìwé.

Kò sí òfin tó gún régé tí yóò máa sọ fún ni nígbà gbogbo. Àmọ́ àpẹẹrẹ kan wà tí mo máa ń gbára lé, tó sì máa ń wúlò nínú ìdánwò: ọ̀rọ̀ àpèjúwe lè mú “un-” kí ọ̀rọ̀ orúkọ tó ti inú ẹbí rẹ̀ jáde mú “in-”. ‘Unable’, ṣùgbọ́n ‘inability’. ‘Unjust’, ṣùgbọ́n ‘injustice’. ‘Unequal’, ṣùgbọ́n ‘inequality’. ‘Unstable’, ṣùgbọ́n ‘instability’. Kọ wọn ní méjì-méjì sí ojú ewé kan náà, kí o sì máa kà wọ́n sókè bí ẹni ń ka oríkì, títí ‘unability’ yóò fi máa dùn ọ́ létí bí ìlù tó ya.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Yẹ ìbẹ̀rẹ̀ tí kì í ṣe ìbẹ̀rẹ̀ wò

Ológbò dà bí olówó, alángbá dà bí aláṣọ, síbẹ̀ a kò rí ẹni tó ń pe ẹranko méjèèjì ní ẹni tó ní ogbò tàbí ẹni tó ní àńgbá. Irú wọn pọ̀ nínú Gẹ̀ẹ́sì. ‘Uncle’ kì í ṣe ẹni tí kì í ṣe ‘cle’. ‘Illness’ kò ní “il-” nínú. ‘Ill’ ni odindi ọ̀rọ̀, ìparí “-ness” ni wọ́n so mọ́ ọn. ‘Ready’, ‘reach’, ‘pretty’ àti ‘mister’ náà kò ní àfòmọ́ kankan. ‘Uniform’ tí ọmọ ilé ìwé ń wọ̀ kò sì ní “un-” nínú: “uni-” ni, tó túmọ̀ sí ọ̀kan, gbogbo wọn wọ irú aṣọ kan náà.

Ìbéèrè méjì ni kí o bi ọ̀rọ̀ tó bá fu ọ́ lára. Àkọ́kọ́, bí mo bá yọ ìbẹ̀rẹ̀ náà kúrò, ṣé ìyókù lè dá dúró? Èkejì, bí ó bá lè dá dúró, ṣé ìtumọ̀ rẹ̀ bá odindi ọ̀rọ̀ náà mu? ‘Repair’ yege nínú ti àkọ́kọ́, nítorí ‘pair’ wà, ṣùgbọ́n ó kùnà nínú èkejì, nítorí pé ẹni tó ń tún rédíò ṣe kò so ohunkóhun pọ̀ ní méjì-méjì lẹ́ẹ̀kejì. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, ìyókù kò lè dá dúró síbẹ̀ kí àfòmọ́ náà jẹ́ ojúlówó, bíi ‘predict’. Irú èyí ni kí o gbé lọ sínú ìwé atúmọ̀-èdè.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: Ìbẹ̀rẹ̀ kan, iṣẹ́ méjì

Ibí ni ọkọ̀ agbépo ti padà wá. “In-” inú ‘inflammable’ kì í ṣe “in-” ti àì-. Látìn ní “in-” kejì, tó túmọ̀ sí “sínú”, òun náà sì ń pa ojú dà bí ti àkọ́kọ́: ‘import’ ni kíkó ọjà wọlé, ‘immigrant’ ni ẹni tó ṣí wọ ìlú, ‘inhale’ ni fífa atẹ́gùn sínú. Ohun tó jẹ́ ‘inflammable’ lè bọ́ sínú ọwọ́ iná. Nítorí ewu tó wà nínú àṣìkà yìí, àwọn tó ń rí sí ààbò lórí ọ̀rọ̀ iná ní Amẹ́ríkà ti ń rọ àwọn ènìyàn láti ọdún pípẹ́ pé ‘flammable’ ni kí wọ́n máa kọ. Bí o bá rí méjèèjì, ìtumọ̀ kan náà ni wọ́n ní. Ohun tí kò lè gbiná ni ‘non-flammable’.

Àwọn méjì kan tún wà tí “in-” wọn jẹ́ ti àì- lóòótọ́, ṣùgbọ́n tí ìtumọ̀ wọn yà bàrá. Ohun tó jẹ́ ‘invaluable’ kì í ṣe ohun tí kò níye lórí. Iye rẹ̀ ga débi pé a kò lè díye lé e. Ẹni tó jẹ́ ‘infamous’ kì í ṣe ẹni tí a kò mọ̀. A mọ̀ ọ́n dáadáa, fún ìwà burúkú.

“Un-” náà ní iṣẹ́ méjì. Lára ọ̀rọ̀ àpèjúwe, kíkọ̀ ló ń kọ̀: ‘unclean’. Lára ọ̀rọ̀ ìṣe, ìdápadà ló ń ṣe: ‘tie’ ni kí a so nǹkan, ‘untie’ ni kí a tú u, ‘lock’ ni kí a tì í, ‘unlock’ ni kí a ṣí i. Wàyí o, kí ni ‘unlockable’? Ó lè jẹ́ ilẹ̀kùn tí kò ṣeé tì, ó sì lè jẹ́ ilẹ̀kùn tó ṣeé ṣí. Méjèèjì tọ̀nà, ohun tí gbólóhùn ń sọ nípa rẹ̀ nìkan ló lè là á.

“Re-” ní tirẹ̀ máa ń fi àmì kékeré kan ya iṣẹ́ rẹ̀ sọ́tọ̀. Agbábọ́ọ̀lù tó ‘resign’ ti kọ̀wé fi iṣẹ́ sílẹ̀. Èyí tó ‘re-sign’ ti tún ọwọ́ bọ̀wé àdéhùn. Èyí tó ní àmì ni a ń fa “re” rẹ̀ gùn lẹ́nu.

Ìgbésẹ̀ keje: Má ṣe kọ́ ìbejì lọ́jọ́ kan náà

Ọ̀rọ̀ méjì tó jọra, bí a bá kọ́ wọn pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, máa ń dà pọ̀ mọ́ra wọn lọ́pọlọ. Kọ́ ọ̀kan, jẹ́ kí ó fìdí múlẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan, lẹ́yìn náà ni kí o pe èkejì wá. Fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, wá àwòrán kan tí kò lè jẹ́ ti èkejì.

‘Prescribe’ àti ‘proscribe’ ni àpẹẹrẹ tí mo fẹ́ràn jù. ‘Scribe’ jẹ́ kíkọ. ‘Prescribe’ ni ti dókítà: ó kọ ọ́ sílẹ̀ kí olóògùn tó lè tà á fún ọ. Fún ‘proscribe’, lọ sí Róòmù ní ọdún 82 kí a tó bí Jésù, nígbà tí Sulla, ọ̀gágun tó gba ìjọba níbẹ̀, ní kí wọ́n kọ orúkọ àwọn ọ̀tá rẹ̀ síta gbangba, tí ẹnikẹ́ni sì lè pa ẹni tó bá rí orúkọ rẹ̀ níbẹ̀. “Pro-” jẹ́ síwájú, síta. Láti ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ti di fífi òfin de nǹkan tàbí ẹgbẹ́.

‘Precede’ ni kí a ṣáájú, ‘proceed’ ni kí a tẹ̀ síwájú. Sípẹ́lì wọn máa ń da ènìyàn láàmú, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ mẹ́ta péré ló ń parí sí “-ceed”: ‘exceed’, ‘proceed’ àti ‘succeed’. ‘Supersede’ nìkan ló ń lo “-sede”. “-Cede” ni ìyókù. ‘Persecute’ ni ṣíṣe inúnibíni sí ènìyàn, ‘prosecute’ ni pípè é lẹ́jọ́ níwájú adájọ́. ‘Adapt’ àti ‘adopt’ ní ìbẹ̀rẹ̀ kan náà, àárín ni ìyàtọ̀ wọn wà: ‘opt’ ni yíyàn, bí ti ‘option’, nítorí náà ẹni tó ‘adopt’ ọmọ ló yàn án láti fi ṣe tirẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n yà bàrá díẹ̀. Nígbà tí olóṣèlú bá fi ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ bọ́ sí òmíràn, ìwé ìròyìn wa máa ń kọ ọ́ pé ó ti ‘decamp’. Ní Ìlú Ọba, ‘defect’ ni wọn yóò kọ, nítorí lọ́dọ̀ tiwọn ‘decamp’ ni kí ènìyàn palẹ̀ ẹrù mọ́ kúrò níbi kan lójijì. “De-” ti kúrò ló wà nínú méjèèjì, n kò sì rò pé Nàìjíríà ṣì í lò. Àgọ́ ni olóṣèlú náà ń ká lóòótọ́. Ṣùgbọ́n bí òǹkàwé rẹ bá wà ní London, ‘defect’ ni kí o kọ.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: Káàdì àti àpòòwé mẹ́ta

Hermann Ebbinghaus, ọmọ ilẹ̀ Jámánì tó dán ara rẹ̀ wò nípa ìgbàgbé, tó sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní 1885, rí i pé wákàtí díẹ̀ àkọ́kọ́ ni ohun tí a kọ́ máa ń dànù jù. Nítorí náà, gé páálí sí kékeré-kékeré, kọ ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì sí iwájú, kí o kọ ìtumọ̀ Yorùbá rẹ̀ àti gbólóhùn kan tó ti inú ayé ara rẹ jáde sí ẹ̀yìn. Gbólóhùn inú ìwé kò tó. “My aunty misread the prescription” yóò dúró tì ọ́ ju gbólóhùn èyíkéyìí tí ẹlòmíràn kọ lọ, bó bá jẹ́ pé àǹtí rẹ ṣe bẹ́ẹ̀ lóòótọ́.

Wá àpòòwé mẹ́ta. Èyí àkọ́kọ́ ni kí o máa ṣí lójoojúmọ́, èkejì ní ọjọ́ mẹ́ta-mẹ́ta, ẹ̀kẹta lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Káàdì tí o bá mọ ìtumọ̀ rẹ̀ yóò bọ́ sí àpòòwé tó tẹ̀ lé e. Èyí tí o kò bá mọ̀ gbọ́dọ̀ padà sí ti àkọ́kọ́, ì báà jẹ́ ẹ̀kẹta ló ti já bọ́. Má ṣe fi ju káàdì tuntun mẹ́jọ kún un lóòjọ́. Ka ọ̀rọ̀ náà sókè, nítorí ẹnu àti etí gbọ́dọ̀ mọ̀ ọ́n, kì í ṣe ojú nìkan.

Ní ìparí ọ̀sẹ̀, mú ìwé ìròyìn Gẹ̀ẹ́sì kan, yan gbólóhùn kan ṣoṣo, kí o sì tú u palẹ̀. Fi èyí bẹ̀rẹ̀: “The unforeseen resignation was misreported.” Nínú ‘misreported’, “mis-” ni àṣì-, “re-” ibí jẹ́ ti pípadà, ‘port’ sì jẹ́ gbígbé: wọ́n gbé ọ̀rọ̀ padà wá, wọ́n sì ṣì í gbé. ‘Unforeseen’ ní àfòmọ́ méjì tó gun ara wọn lórí: “un-” ni àì-, “fore-” ni tẹ́lẹ̀, ‘seen’ sì ni rírí. Kọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sí ìlà kan nínú jótà rẹ, kí o wá kọ àìròtẹ́lẹ̀ sí abẹ́ wọn, kí o sì fa ìlà láti ara ẹyọ kọ̀ọ̀kan lọ sí ara èkejì.